Ajalèlókun

Ẹni tó ń fipá jalè lójú òkun là ń pè ní ajalèlókun.

Lójú òfin àgbáyé, ìgbà tó bá ṣọṣẹ́ kọjá máìlì òkun 12 sí etíkun ló tó di ajalèlókun, ọmọ ogun ojú omi orílẹ̀-èdè yòówù sì lè mú un. Bó bá súnmọ́ ilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, adigunjalè ojú omi ni; orílẹ̀-èdè tó ni omi náà ló lè mú un.

Òfin Nàìjíríà ti 2019 kó méjèèjì pọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ní 2021, ilé ẹjọ́ kan l'Ékòó fi rán àwọn mẹ́wàá tó já ọkọ̀ apẹja Hai Lufeng 11 gbà sẹ́wọ̀n ọdún 12. Àwọn 18 tó wà nínú rẹ̀ yè.