Oògùn Olómi Tí Ó Pa Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́, àti Òfin Tí Ó Tẹ̀lé E

Ìtàn tí a fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí kì í ṣe ti ogun tàbí ti oyè. Ìtàn òfin tí ń dáàbò bo aláìsàn ni, ikú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni a sì fi ra púpọ̀ nínú òfin náà.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1937, ilé iṣẹ́ apoògùn kan fi omi aládùn tí a ń pè ní diethylene glycol po oògùn sulfanilamide. Wọn kò dán an wò bóyá májèlé ni. Àwọn tí ó kú lé ní ọgọ́rùn-ún, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ìjọba fẹ́ pe ẹjọ́, kò sí òfin tí ó pàṣẹ pé kí a dán oògùn wò kí a tó tà á. Ẹ̀sùn tí ọwọ́ òfin bà kò ju pé wọ́n pe oògùn náà ní elixir, nígbà tí kò sí ọtí nínú rẹ̀! Ọdún 1938 ni wọ́n tó ṣe òfin tí ó le.

Májèlé kan náà dé ọ̀dọ̀ wa ní ọdún 1990. Ó dùn lẹ́nu, kò ní àwọ̀, ó sì jọ propylene glycol, èyí tí àwọn apoògùn ń lò láìléwu, ṣùgbọ́n òun ni owó rẹ̀ kéré. Kíndìnrín ni ó ń bà jẹ́. Ọmọ tí ó bá mu ún kò ní lè tọ̀ mọ́. Ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Jos, ọmọ 47 tí ó ti mu parasitamọ́ọ̀lù olómi kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí a gbà wọ́n sílé ìwòsàn. Ó kan Ìbàdàn náà. Bẹ́ẹ̀ ni òfin oúnjẹ àti oògùn ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1974. Lójú tiwa, olùṣọ́ ni òfin náà kò ní. Òfin kẹẹ̀ẹ́dógún ti ọdún 1993 ni ó fi ẹsẹ̀ àjọ NAFDAC múlẹ̀.

Síbẹ̀, ní ìparí ọdún 2008, oògùn eyín híhù kan tí wọ́n ń pè ní “My Pikin”, tí wọ́n ṣe ní Èkó, pa ọmọ 84. (Àwọn abiyamọ wa kì í fi ọ̀rọ̀ eyín ṣeré, gbogbo ibà ọmọ ni wọ́n ń kà sí eyín lọ́rùn.) Ọwọ́ oníṣòwò kẹ́míkà kan tí kò ní ìwé àṣẹ ni wọ́n ti ra omi tí wọ́n fi po ó. Ó di ọdún 2013 kí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó tó rán àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà méjì lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méje-méje, tí ó sì pàṣẹ pé kí a ti ilé iṣẹ́ náà pa.

Ní ọdún 2022, nǹkan bí àádọ́rin ọmọ kú ní orílẹ̀-èdè Gambia, lẹ́yìn tí wọ́n mu oògùn ikọ́ tí wọ́n ṣe ní Íńdíà. Diethylene glycol náà ni wọ́n tún bá nínú rẹ̀. Gambia kò ní yàrá àyẹ̀wò oògùn kan ṣoṣo nígbà náà.