Òtílí Dé Ìkẹjà

Kí Ìkẹjà tó di ara Ìpínlẹ̀ Èkó ní 1967, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló wà, ìjọba náà ló sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn iléeṣẹ́, nítòsí Agége tí oko obì àti kòkó ti sọ di olókìkí. May & Baker, tó ti ń ṣòwò ní Nàìjíríà láti 1944, wà lára àwọn apoògùn tó fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, Pfizer náà sì débẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹ̀rọ wọn ló sọ àgbègbè náà di ilé oògùn. Èmi gbà pé ẹni tó ń pinnu irú oògùn tí ẹ̀rọ yóò pò ló ṣe pàtàkì jù, ìtàn òtílí, irú ẹ̀wà kan, sì ni ẹ̀rí mi.

Àrùn tó ń yọ ẹni tó ń pinnu lẹ́nu ló máa ń kọ́kọ́ wò. Lára àwọn àrùn àjogúnbá tó ń pa àwọn Òyìnbó lẹ́kún ni cystic fibrosis, tí ikun rẹ̀ ń dí ẹ̀dọ̀fóró. Fòníkú-fọ̀ladìde ni tiwa. Ọmọ tó bá jogún àbùdá S lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ a máa tẹ̀ bíi dòjé, a dí ojú iṣan, ìrora a dé. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó jogún S lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo. Ní 1985, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ekeke, ti Yunifásítì Port Harcourt, àti Shode kọ ọ́ pé omi èso òtílí lè mú sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ padà bọ̀ sípò nínú ìgò àyẹ̀wò. Ní 1990, wọ́n fi hàn pé phenylalanine inú rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ní 1997, àwọn ọ̀gá ọmọ Nàìjíríà ra ìpín Pfizer, iléeṣẹ́ náà di Neimeth, Ìkẹjà ló sì ti ń ta òtílí náà ní orúkọ Ciklavit.

Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀rí oògùn yìí kéré. Òótọ́ ni: àwọn dókítà LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, dán an wò lára 100 aláìsàn, àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005 sì fi hàn pé ìrora dín kù, ṣùgbọ́n àrùn náà kò lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí oògùn hydroxyurea, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1998, lágbára ju èyí lọ. Síbẹ̀, àyẹ̀wò tó tóbi ni ẹ̀rí kékeré ń bèèrè fún, kì í ṣe ìpatì. Wọ́n tún lè sọ pé owó ilẹ̀ òkèèrè ló ń gbé iléeṣẹ́ ró. Ṣùgbọ́n ní 2023, iléeṣẹ́ apoògùn òkèèrè GSK kéde pé òun ń fi Nàìjíríà sílẹ̀. Ẹni tí ọjà rẹ̀ wà níbòmíràn lè kó lọ nígbàkúùgbà. Àwa tí ọmọ wa ń jẹ ìrora yìí kò níbi tí a ó kó o lọ. Nítorí náà, kí yunifásítì, ilé ìwòsàn àti iléeṣẹ́ Ìkẹjà pawọ́ pọ̀ parí iṣẹ́ tí òtílí bẹ̀rẹ̀.