Òsì Lọ́nà Wà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé kí ni àgbàlagbà ń wá nídìí géèmù, ẹ fara balẹ̀, ìtàn ni mo fẹ́ sọ.

Ní 1985, Nintendo ilẹ̀ Jàpáànù gbé Super Mario Bros. jáde. Apá ọ̀tún ni Mario ń sáré lọ. Ibi tó bá ti kọjá lójú tẹlifíṣàn, kò ṣeé padà sí mọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1986, ilé-iṣẹ́ kan náà gbé Metroid jáde. Ẹni tó bá forí lé ọ̀tún níbẹ̀ bíi Mario, kò ní pẹ́ kan ihò tóóró tí kò lè gbà kọjá. Òsì ló yẹ kó kọ́kọ́ yà. Ìgbésẹ̀ díẹ̀ síbẹ̀ ni ohun tó máa jẹ́ kí Samus lè ká ara rẹ̀ kò bíi bọ́ọ̀lù wà. Tó bá ti mú un, ó di kó padà wá yí gba inú ihò náà kọjá. Wọn ò kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ láti ṣàlàyé èyí o.

Super Metroid, ti ọdún 1994, lèmi fẹ́ràn jù. Samus padà sí ayé Zebes, òjò ń rọ̀, kò sẹ́ni tó ń mira. Ó ń gba àárín àwókù ibi tí wọ́n ti jà ní 1986 kọjá, ó sì bá bọ́ọ̀lù yẹn níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó bá mú un, tó mú ohun ìjà kún un, tó ń padà bọ̀, àwọn ọ̀tá ti jí sójú ọ̀nà tó pa rọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tó bá yá, ẹ ó já sínú kòtò jíjìn kan. Àwọn ẹranko kéékèèké mẹ́ta wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n á fẹsẹ̀ ta ògiri kan, wọ́n á fò sí èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi gòkè. Ẹ̀yin náà á gbìyànjú, ẹ ó ṣubú, ẹ ó tún wò wọ́n. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú jù nìyí: ọgbọ́n yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣà nílẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ géèmù ni Samus ti lè ṣe é. Ẹni tó mú un lọ́wọ́ ni kò mọ̀. Àbí ta ló jókòó ti ọmọ ọdún méjì tó ń sọ fún un pé ohùn òkè rè é, ohùn ìsàlẹ̀ rè é? Ó gbọ́, ó dán an wò, wọ́n rẹ́rìn-ín, ó tún un sọ.

Metroidvania ni wọ́n ń pe irú géèmù yìí: Metroid tí wọ́n so mọ́ ìrù Castlevania ti Konami. Orúkọ náà ò wù mí. Ó dárúkọ òbí, kò sọ iṣẹ́ ọmọ.

Púpọ̀ nínú àwọn tuntun máa ń fi ọfà júwe gbogbo ọ̀nà, mi ò sì rí adùn níbẹ̀. Àmọ́ ní Hollow Knight, tí Team Cherry ṣe ní Ọsirélíà ní 2017, rírà lẹ máa ra máàpù lọ́wọ́ Cornifer, kòkòrò oníwèé kan. Bébà rẹ̀ tó já sílẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ rí, lẹ ó bá gbọ́ ẹnì kan tó ń kùn orin nínú òkùnkùn.