Sólà, Ilé Ìdánwò àti Òrùlé Ìdúmàgbò

Ọdún 1896 ni iná mànàmáná kọ́kọ́ dé Èkó, ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ìjọra sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1923. Àjọ iná mànàmáná NEPA dé ní 1972. Nígbà tó di 2013, wọ́n ta àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ọba fún aládàáni. Orúkọ ń yí padà, iná ń lọ, iná ń bọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ló dí àlàfo náà ní Ìsàlẹ̀ Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù fi kúrò ní 2023, tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà àti onílé wá yíjú sí sólà. Ohun tí olùrà ń bi oníṣòwò ni pé, ṣé yóò tọ́jọ́?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1975 ni Jet Propulsion Laboratory ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ra pánẹ́ẹ̀lì wá dán wò pẹ̀lú ooru, òtútù àti ọ̀rinrin. Èyí tó bá kùnà, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò láti mọ ohun tó pa á. Ilé ìdánwò Ispra ní Ítálì ń ṣe irú rẹ̀ fún ilẹ̀ Yúróòpù. Ní 1993, ìlànà àgbáyé IEC 61215 jáde: pánẹ́ẹ̀lì á lo wákàtí 1,000 nínú àpótí tó gbóná dé 85°C, tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà kò jókòó. Ní Mali, àlùfáà Bernard Verspieren àti ẹgbẹ́ Mali Aqua Viva bẹ̀rẹ̀ sí í fi sólà fa omi ní 1977. Láàárín àwọn ọdún 1990, orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án inú CILSS, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti ọ̀dá ní Sahel, láti Cape Verde títí dé Chad, fi owó ìrànwọ́ Yúróòpù gbé ẹ̀rọ afami sólà tó lé ní 600 kalẹ̀. Wọn kò ra ọjà lójú pọ́pọ́: wọ́n kọ ohun tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lè ṣe sílẹ̀, wọ́n sì ní kí ará abúlé máa san owó omi, kí owó àtúnṣe lè wà. Owó àtúnṣe yìí ló yẹ kí Èkó fojú sí jù.

Ọdún 1993 kan náà tí IEC 61215 jáde ni ètò ìwádìí sólà PVPS bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ IEA, àjọ agbára àgbáyé. Láti 2010, Ẹ̀ka 13 ètò náà ń kó àkọsílẹ̀ jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ lórí ìdí tí sólà fi ń bàjẹ́. Pánẹ́ẹ̀lì kọ́ ló sábà ń kọ́kọ́ kú. Ínfátà, bátìrì àti ojú ìsopọ̀ wáyà ló máa ń ṣáájú.

Lórí páànù Ìdúmàgbò ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ooru ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ìwọ̀n 25°C ni wọ́n fi ń ṣírò agbára tí wọ́n kọ sára pánẹ́ẹ̀lì. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún ń dín lórí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Pánẹ́ẹ̀lì 300 wáàtì tó gbóná dé 60°C lọ́sàn-án kò lè mú ju nǹkan bí 258 wá. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ibẹ̀ fara kanra, òjìji ilé kejì tó bo igun kan péré sì lè fa gbogbo pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n so pọ̀ sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń mú ẹnu wáyà dípẹtà; ìdánwò tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, IEC 61701. Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti eruku ọyẹ́ ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì títí òjò yóò fi rọ̀. Àpótí ìdánwò kò rí òjìji àti èéfín yìí. Orí òrùlé gan-an ni a ti lè wọn ìpalára èéfín àti eruku, bí oníṣẹ́ bá ń kọ iye iná tí pánẹ́ẹ̀lì mú wá ṣáájú ìfọ̀ àti lẹ́yìn ìfọ̀ sílẹ̀, oṣù dé oṣù.