Ilé Ayálégbé àti Olówó Kékeré ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó amúnisìn ni a ti kọ́ bí a ṣe ń fi ilẹ̀ àti ilé pa owó. Ìtàn ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kò fara mọ́ èrò yìí. Kí ẹnikẹ́ni tó máa kọ́ ilé oníyàrá púpọ̀ sí Òkìtìpupa fún àwọn ayálégbé, àwọn ẹbí tí ó ni igbó ọ̀pẹ ní agbègbè náà ti ń gba owó ọdọọdún lórí ohun tí wọn kò tà, tí wọn kò sì fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Àwọn tí ń san owó náà ni àwọn Ùròbò tí wọ́n ti ìhà ìlà-oòrùn ṣí wá. Epo pupa àti èkùrọ́ ni àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ń wá lójú méjèèjì nígbà náà, igbó Ìkálẹ̀ sì kún fún ọ̀pẹ tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Ọwọ́ ọmọ onílẹ̀ nìkan kò lè ká a. Àwọn àlejò wọ̀nyí gbé igbà wọn dé, wọ́n pa àgọ́ sínú igbó, wọ́n ń gé ẹyìn, wọ́n ń fún epo, wọ́n sì ń san owó fún àwọn tí ó ni igbó. Onigu Otite, ọ̀mọ̀wé nípa àwùjọ ẹ̀dá ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ nípa wọn ní 1979. Ojú tí ó fi wò wọ́n ni ti àwọn tí ó mú ìdàgbàsókè yá kánkán ní ìgbèríko náà, kì í ṣe ti alágbàṣe lásán.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú àdéhùn yìí dáadáa. Ẹyìn ni àlejò ń sanwó lé lórí, kì í ṣe ilẹ̀. Bí ó tilẹ̀ lo ogún ọdún níbẹ̀, àlejò ni. Owó náà lè má tó nǹkan lójú ẹni tí ń wò ó lókèèrè, ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti yí po, yóò tún dé. Ibi tí ó kù sí ni pé ẹbí ni ó ni ín. Bí owó bá dé, wọn a pín in, a sì tán. Ó ṣòro kí ẹnì kan tó kó ti ọdún mẹ́wàá jọ láti fi ra ohun mìíràn tí yóò tún bí owó. Èyí ni mo ṣe sọ pé ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ti mọ owó ilẹ̀ ṣáájú kí ó tó mọ ìdókòwò.

Òfin ìjọba kò mú ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ní 1921, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tí ó ga jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù fìdí ohun tí àwọn àgbà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ múlẹ̀, nínú ẹjọ́ tí Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa ti Èkó, bá ìjọba ṣe lórí ilẹ̀ Àpápá. Wọ́n ní àwùjọ àti ẹbí ni ó ni ilẹ̀, pé alábòójútó ni olóyè jẹ́. Ìdájọ́ náà gba ilẹ̀ lẹ́nu ìjọba, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, tí ó fẹ́ ra ilẹ̀, ta ni kí ó bá sọ̀rọ̀ nínú agbo ẹbí náà? Ní 1959 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Àpapọ̀ dáhùn, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika: bí olórí ẹbí kò bá sí nínú títà náà, asán ni; bí olórí ẹbí bá sì tà á láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà ẹbí, àwọn wọ̀nyí lè mú kí ilé-ẹjọ́ yí i padà. Ẹni tí ó rà láìbéèrè, ẹjọ́ ni ó rà.

Lẹ́yìn èyí ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ dé, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 1978, lábẹ́ ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Òfin náà fi gbogbo ilẹ̀ tí ó wà nínú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó ní ìwé-ẹ̀rí ìjọba lórí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á tàbí kí ó fi dúró fún gbèsè láìgba àṣẹ gómìnà. Ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ni kí ilẹ̀ lè tó gbogbo ènìyàn lọ́wọ́. Ní tèmi, òdìkejì rẹ̀ ni olówó kékeré rí. Àwọn ẹbí kò dẹ́kun títà. Ẹni tí ń rà wá ń san owó lẹ́ẹ̀mejì, ó san fún ẹbí kí wọ́n tó jẹ́ kí ó kọ́lé, ó tún san fún ìjọba kí wọ́n tó gbà pé òun ni ó ni ín. Ọ̀pọ̀ ni kò ní agbára ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Òkìtìpupa fúnra rẹ̀, ìlú òkìtì ilẹ̀ pupa, ni ìjọba amúnisìn fi ṣe olú-ìlú fún ẹkùn tí ó kó Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ, Àpọ́ì àti àwọn Ìjọ̀ Arógbò pọ̀. Ibi tí kóòtù, ilé-ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́ bá wà, akọ̀wé, nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá àti tíṣà yóò wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì ní agbo ilé bàbá níbẹ̀ tí wọn yóò wọ̀ sí. Yàrá ni wọ́n ń wá. Ẹni tí ó kọ́lé fún wọn kì í ṣe ọlọ́rọ̀ bí kò ṣe tíṣà mìíràn, obìnrin alájàpá, tàbí ẹni tí ó fẹ̀yìn tì tí ó gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ó ra ilẹ̀ lọ́dún kan, ó fi ìpìlẹ̀ lé e lọ́dún kejì, ó mọ búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀, ó kan páànù sórí yàrá méjì, ó wọ inú ọ̀kan, ó fi èkejì háyà. Ìdí nìyí tí a fi ń rí ilé tí ògiri rẹ̀ ti dúró tí koríko sì ti hù nínú rẹ̀. Àlejò a máa pè é ní ilé àpatì. Èmi kò pè é bẹ́ẹ̀. Báńkì ni, inú búlọ́ọ̀kù ni onítọ̀hún ń pa owó rẹ̀ mọ́ sí, kí ọ̀wọ́n-gógó má baà jẹ ẹ́.

Níbo ni owó náà ti ń wá? Samuel Johnson ṣàlàyé èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921: iye kan náà ni gbogbo ẹgbẹ́ ń dá, wọ́n sì ń kó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká ní ogún ènìyàn ń dá 20,000 náírà lóṣù, 400,000 ni ẹni tí ó kàn yóò kó. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó ti jẹ gbèsè tí kò ní èlé. Ẹni tí ó kó gbẹ̀yìn ti yá àwọn yòókù lówó fún oṣù mọ́kàndínlógún láìgba kọ́bọ̀ lé e. Nígbà tí ọjà dúró sójú kan, kò sí ẹni tí ó ń ṣírò èyí. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, nígbà tí àpò símẹ́ńtì kan kọjá 10,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tí ó gbẹ̀yìn rí i kedere pé ilé òun ti dín yàrá kan. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, tí òfin 1935 fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, sàn díẹ̀ ní ti èyí, nítorí ó sábà máa ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlọ́po méjì ohun tí ó ti kó pamọ́, èlé rẹ̀ kò sì pọ̀.

Ìjọba náà gbìyànjú. Ilé-iṣẹ́ ayánilówó-kọ́lé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956 ni ó di báńkì ìjọba àpapọ̀ fún ilé kíkọ́ ní 1977. Ní 1992 sì ni òfin Àpò Owó Ilé Gbígbé dé, tí ó ní kí òṣìṣẹ́ máa dá ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó-oṣù rẹ̀, kí ó lè yá owó kọ́lé ní èlé ìdá mẹ́fà. Èlé náà dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí ni báńkì ń béèrè, ẹni tí àbúrò bàbá rẹ̀ fún nílẹ̀ ní Ìgbótako tàbí Òde-Irele kò sì ní irú rẹ̀. Bí ó bá yà sí báńkì oníṣòwò, ìyẹn burú jù. Ní ìparí 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ti àwọn báńkì yòókù sì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ilé tí ó gba mílíọ̀nù mẹ́rin náírà bá ń mú 400,000 wọlé lọ́dún, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni, a kò sì tíì tún òrùlé ṣe. Irú owó ilé bẹ́ẹ̀ kò lè san irú èlé bẹ́ẹ̀ láéláé.

Yunifásítì ni ó wá yí ojú ọjà padà. Ní 2008, lábẹ́ Gómìnà Olúṣẹ́gun Àgàgú, ọmọ Ìjù-Odò, ni Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi òfin dá yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Òkìtìpupa. Lẹ́yìn ikú gómìnà náà ní 2013 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kò bèèrè ilé alámọ̀. Yàrá tí ilé ìwẹ̀ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni ó fẹ́, pẹ̀lú kànga ẹ̀rọ. Ohun tí onílé kékeré kọ́ níhìn-ín yàtọ̀ sí ti ìgbà àwọn tíṣà. Ayálégbé rẹ̀ ń lọ lọ́dọọdún, ẹnu ọ̀nà kan náà sì ni gbogbo wọn ń gbà wọlé. Nígbà tí àrùn kòrónà mú kí ìjọba ti ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo pa ní oṣù Kẹta 2020, ẹni tí ó kọ́lé fún akẹ́kọ̀ọ́ nìkan jókòó ti yàrá òfìfo. Ẹni tí ó fi yàrá díẹ̀ sílẹ̀ fún alágbàtà àti òṣìṣẹ́ rí nǹkan jẹ.

Ikú onílé ni ìdánwò tí ó le jù. Bí ó bá kú láìṣe ìwé ìhágún, àṣà sọ ilé náà di ti ẹbí. Ní 1962, nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Danmole, ìgbìmọ̀ Lọ́ńdọ̀nù kan náà fọwọ́ sí i pé ìdí-igi ni òfin àṣà wa ní ti ogún pínpín, pé ìgbà tí ìjà bá dé ni olórí ẹbí lè yàn láti fi orí-ò-jorí pín in. Ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án ni olóògbé náà fi sílẹ̀. Ká fi irú ìpín bẹ́ẹ̀ sórí ilé oníyàrá mẹ́jọ: ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ń gba owó yàrá méjì, ayálégbé kò mọ ẹni tí yóò ké sí nígbà tí òjò bá ń wọlé, nítorí páànù kò sí lára ìpín ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń kọ ìwé ìhágún báyìí. Bí orí ilẹ̀ ẹbí ni ilé náà wà, wọn kò lè há ilẹ̀ náà. Ẹlẹ́rìí méjì ni òfin béèrè, kí àwọn méjèèjì wà níbẹ̀ pa pọ̀ nígbà tí onílé bá ń fọwọ́ sí i, kò sì yẹ kí wọ́n jẹ́ ẹni tí yóò jogún nínú rẹ̀.