Ìka Àgbẹ̀ àti Ẹ̀rọ Ìdìbò

Ohun èlò tí a bá ṣe fún gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ rọrùn fún gbogbo ènìyàn láti lò. Ìtàn ìdìbò ní Èkìtì fi hàn pé a ti mọ èyí nígbà kan rí, kí a tó wá gbàgbé rẹ̀.

Ní ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ọdún 1959, nígbà tí a dìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀, Èkìtì wà lára Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kò tíì pé ọdún márùn-ún, nítorí oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ó bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà tí ó fẹ́ dìbò ni kò mọ̀wé. Àwọn elétò ìdìbò kò ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ kọ́ ìwé. Wọ́n to àpótí sí ibi kọ́lọ́fín, wọ́n sì lẹ àmì ẹgbẹ́ òṣèlú mọ́ ọn lára: igi ọ̀pẹ fún Action Group, àkùkọ fún NCNC. Ta ni kò mọ ọ̀pẹ ní Adó? Ta ni kò mọ àkùkọ ní Ìjerò? Àwọn elétò ti ṣe wàhálà sílẹ̀. Ti òǹdìbò kò ju kí ó pinnu, kí ó sì ju ìwé rẹ̀ sínú àpótí lọ.

Òótọ́ ni pé ìrọ̀rùn nìkan kò lè dáàbò bo ìbò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1983, nígbà tí Adó ṣì wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n kéde pé Akin Ọmọ́bọ́ríowó ti borí Gómìnà Adékúnlé Ajásin. Ìlú gbiná, ẹ̀mí sì ṣòfò, kí ilé-ẹjọ́ tó dá ipò náà padà fún Ajásin. Màgòmágó ìbò ni ẹ̀rọ wá dojú kọ nígbẹ̀yìn.

Ní ọdún 2015, àjọ INEC gbé ẹ̀rọ tí ń ka káàdì ìdìbò jáde. Òǹdìbò yóò tẹ ìka lé gíláàsì rẹ̀, kí ẹ̀rọ lè dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n ìka kò dọ́gba. Ìka tí ó ti di ọkọ́ àti àdá mú fún ogójì ọdún, tí ó ti bẹ gbágùúdá, tí ó ti kó eérú, ìlà rẹ̀ a máa parẹ́. Ẹ̀rọ a sì ní òun kò mọ olúwarẹ̀. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹta, ẹ̀rọ náà kò tilẹ̀ tètè mọ ìka Ààrẹ Goodluck Jonathan ní Otuoke. INEC ṣàlàyé pé ní àwọn ibùdó kan, àwọn òṣìṣẹ́ kò ṣí ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bo gíláàsì ẹ̀rọ. Òṣìṣẹ́ ni a máa ń dá lẹ́bi nínú irú ọ̀ràn báyìí. Èmi ń bi yín, ẹ̀yin òǹkàwé: ẹni tí ó ṣe ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣí kí ó tó ṣiṣẹ́, tí kò sì jẹ́ kí ó hàn sí ojú pé ó yẹ ní ṣíṣí, ṣé kò jẹ̀bi ni?

Nígbà tí a dìbò yan gómìnà ní Èkìtì ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹfà, ọdún 2022, BVAS ni a lò. Bí ẹ̀rọ yìí kò bá mọ ìka, a máa wo ojú. Ó padà sí ohun tí àwọn ará abúlé ti ń fi dá ara wọn mọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn lásán. Àwọn tí ẹ̀rọ tí ó le máa ń lé padà kì í ṣe ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣe kòńgẹ́ rẹ̀. Àwọn tí iṣẹ́ ti jẹ ìka wọn ni, àwọn tí iṣu oko wọn ń bọ́ wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Adó-Èkìtì, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní púrúǹtù, ẹ gbé iṣẹ́ yín lọ sí oko, ẹ fún àgbẹ̀ kí ó lò ó. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dúró, ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín kò tíì parí.