Ìdí tí Ọkọ̀ fi Kọ̀ tí Kò Dáhùn: Ìtàn Wíwádìí Àbùkù Iná Ọkọ̀ láti Ìgbà Irin Àfọwọ́yí títí dé Ìgbà Háíbíríìdì

1. Ìfáárà

Ó ti di àṣà láàrin àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ láti pín ìtàn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sí ọ̀nà méjì: ìgbà tí mẹkáníìkì ń fi etí àti ọwọ́ mọ ohun tí ó ń ṣe ọkọ̀, àti ìgbà tí kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ háíbíríìdì olówó ńlá, irú Lexus RX 400h tí ó jáde ní 2005, ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹ̀rí. Wọ́n ní ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì apẹtiróòlù àti ẹ̀rọ oníná jọ ń fà, tí ó ní bátìrì méjì, tí kò sì ní sítátà rárá, ti kọjá ohun tí rìwáyà lè fi mítà àti gílóòbù wádìí. Èrò yìí ni àpilẹ̀kọ yìí tako. Ohun tí ìtàn fi hàn ni pé ìbéèrè tí ó wà nídìí ọkọ̀ tí kò dáhùn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti 1912. Ohun tí ó yí padà ni ẹni tí a fún láǹfààní láti mọ ìdáhùn rẹ̀, àti ewu tí ó wà nínú fífi ọwọ́ kan ibi tí ìdáhùn náà wà.

2. Irin àfọwọ́yí àti iṣẹ́ Kettering

Kí iná tó wọ ọ̀rọ̀ ṣíṣíná sí ọkọ̀, apá ènìyàn ni sítátà. Awakọ̀ yóò ki irin bọ iwájú ẹ́ńjìnnì, yóò sì fi agbára yí i. Bí púlọ́ọ̀gì bá tètè taná ṣáájú àkókò, ẹ́ńjìnnì yóò ta padà sẹ́yìn, irin náà yóò sì gbá ọwọ́ tàbí àgbọ̀n ẹni tí ó dì í mú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó kán lápá báyìí. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé àwọn ọkọ̀ tí bátìrì nìkan ń fà, tí kò ní irin yíyí, rí ọjà ní àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún.

Ìtàn kan wà tí àwọn òǹkọ̀wé fẹ́ràn láti fi ṣàlàyé bí irin náà ṣe kúrò nílẹ̀. Wọ́n ní Byron Carter, ẹni tí ó dá ilé iṣẹ́ Cartercar sílẹ̀, dúró ran obìnrin kan lọ́wọ́ ní Belle Isle, ní Detroit. Irin gbá a lágbọ̀n, ó sì ti ibẹ̀ kú. Wọ́n ní Henry Leland, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Cadillac, tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, wá pinnu pé ọkọ̀ tirẹ̀ kò ní ṣe irú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n kò dúró gbọn-in bí a bá fi ojú òpìtàn wò ó. 1908 ni Carter kú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan lára àwọn tí ó ń sọ ìtàn yìí fi ìṣẹ̀lẹ̀ náà sí ìgbà òtútù 1910. Òkú 1908 kò lè gba irin lágbọ̀n ní 1910. Ohun tí kò ní iyèméjì nínú ni pé Leland béèrè fún ẹ̀rọ tí yóò rọ́pò irin náà, àti pé Charles Kettering ni ó dá a lóhùn.

Ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe àpótí ìgbowó fún ilé ìtajà, ní Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni Kettering ti ṣiṣẹ́ kí òun àti Edward Deeds tó dá Delco sílẹ̀ ní 1909. Níbẹ̀ ni ó ti fi ẹ̀rọ oníná kékeré kan sínú àpótí ìgbowó. Ẹ̀kọ́ tí ó rí kọ́ nínú iṣẹ́ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dúró lé. Àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ń ṣírò bí ẹni pé ẹ̀rọ tí yóò yí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, nítorí náà ohun tí wọ́n ń rò tóbi ju ohun tí ọkọ̀ lè gbé. Kettering ti mọ̀ pé ẹ̀rọ kékeré lè ṣe iṣẹ́ tí ó ju tirẹ̀ lọ bí iṣẹ́ náà kò bá ti ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Cadillac ti 1912 ni ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ yìí dé ọjà.

Ẹ̀rọ kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjì nínú ọkọ̀ yẹn. Bí a bá fẹ́ ṣíná, yóò gba iná fóòtì 24 láti ara bátìrì, yóò sì yí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dáhùn, ẹ́ńjìnnì ni yóò máa yí òun, yóò sì di dáínámò tí ó ń dá iná fóòtì 6 padà sínú bátìrì. Kò pẹ́ tí àwọn aṣe-ọkọ̀ fi pín iṣẹ́ náà sí méjì, tí sítátà wà lọ́tọ̀ tí dáínámò sì wà lọ́tọ̀, nítorí pé ó rọrùn láti ṣe, ó sì rọrùn láti tún ṣe. Ó tó ọdún márùn-ún-lé-lọ́gọ́rin kí èrò àkọ́kọ́ náà tó padà wá.

3. Etí, ojú àti gílóòbù

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí kò dáhùn ti di ọ̀rọ̀ bátìrì. Fóòtì 6 di fóòtì 12 nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà ní àárín 1950 sí 1960. Álítánétọ̀ gba ipò dáínámò lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ìwádìí kò yí padà. Tan iná iwájú ọkọ̀, kí o sì ṣíná. Bí iná iwájú bá kú tàbí tí ó pọ́n bàìbàì, bátìrì ni kò lágbára, tàbí orí rẹ̀ ti dípẹtà. Bí iná iwájú bá mọ́lẹ̀ kedere tí sítátà kò sì dún, ọ̀nà láàrin kọ́kọ́rọ́ àti sítátà ni kí o lọ wò. Bí sítátà bá ń yí geere tí ẹ́ńjìnnì kò sì gbà, ọ̀rọ̀ kúrò lọ́wọ́ bátìrì, ó di ti púlọ́ọ̀gì tàbí ti epo.

Ìmọ̀ yìí kò nílò ìwé. Ọmọ iṣẹ́ ń fi ojú kọ́ ọ lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ kọ́ ọ pẹ̀lú, nítorí pé iná fóòtì 12 kì í pa ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ rìwáyà fi lè fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá láìsí ilé ẹ̀kọ́ kan pàtó: gílóòbù kan tí a so wáyà méjì mọ́ ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

4. Èéfín Kalifọ́níà

Kì í ṣe nítorí mẹkáníìkì ni ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àìsàn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kókó yìí ṣe pàtàkì ju bí a ti máa ń kà á sí lọ. Èéfín ọkọ̀ ni ó sọ ojú ọ̀run Los Angeles di dúdú, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà fi pàṣẹ pé láti ọdún 1988 kí àwọn ọkọ̀ tuntun máa ṣọ́ ara wọn, kí wọ́n sì tan iná ìkìlọ̀ bí ohun tí ń dín èéfín kù bá bàjẹ́. Nígbà tí ó di 1996, òfin ti mú ìlànà kejì, OBD-II, kan gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní Amẹ́ríkà: ihò kan náà tí ó ní ojú 16 lábẹ́ ibi ìtọ́kọ̀, kóòdù kan náà láti ilé iṣẹ́ dé ilé iṣẹ́.

Àbájáde rẹ̀ ni pé ohun tí òfin béèrè nìkan ni gbogbo ènìyàn lè kà. Ohun tí kò kan èéfín, olúkúlùkù aṣe-ọkọ̀ sọ ọ́ ní èdè tirẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, kóòdù kì í dárúkọ ohun tí ó bàjẹ́. Ibi tí kọ̀ǹpútà ti rí ohun tí kò bá a lára mu ni ó ń dárúkọ. Ẹni tí ó bá ka kóòdù tán tí ó sọ pé òun ti wádìí ọkọ̀ dà bí ẹni tí ó gbọ́ pé ọmọ ń sunkún, tí ó ní òun ti mọ ohun tí ó jẹ ọmọ níyà.

5. Ọkọ̀ háíbíríìdì

Èrò háíbíríìdì kì í ṣe tuntun. Ní 1900 ni Ferdinand Porsche, tí ó ń bá Lohner ṣiṣẹ́ ní Vienna, ti ṣe Semper Vivus, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń dá iná fún àwọn ẹ̀rọ inú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Toyota Prius, tí ó jáde ní Japan ní 1997, ni ó sọ ọ́ di ohun tí a ń ṣe lọ́pọ̀, Lexus tí ó jẹ́ ti Toyota náà sì gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn olówó.

Nínú RX 400h, bátìrì ńlá jẹ́ fóòtì 288, ẹ̀rọ kan sì lè gbé e ga dé 650. Kò sí sítátà. Ẹ̀rọ oníná tí a ń pè ní MG1 ni ó ń yí ẹ́ńjìnnì, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti dáhùn, òun náà ni ó ń dá iná. Iṣẹ́ Kettering ti 1912 nìyí ní odindi. Kò sí álítánétọ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rọ kan ń bu iná láti ara bátìrì ńlá, ó ń dín in kù sí nǹkan bíi fóòtì 14, ó sì ń fi í bọ́ bátìrì kékeré fóòtì 12.

Bátìrì kékeré yìí ni àwọn tí ó ń sọ pé ayé àtijọ́ ti lọ máa ń gbàgbé. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, tí ó sì ṣíná, bátìrì kékeré ni ó ń jí àwọn kọ̀ǹpútà, òun náà ni ó sì ń fún rìléè ńlá lágbára láti so bátìrì ńlá pọ̀ mọ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn èyí ni “READY” yóò tó tàn. Bí bátìrì kékeré bá ti rẹlẹ̀, rìléè kò ní pa dé, bátìrì ńlá yóò sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ bí olówó tí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ síta. Nínú Prius tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 2003, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni bátìrì kékeré náà wà, iná ni ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Nítorí náà ni a ṣe fi orí kan sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí ó bá fẹ́ yá iná.

Ìwádìí, nígbà náà, ibi àtijọ́ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Bátìrì kékeré tí ó yó máa ń fi nǹkan bíi fóòtì 12.6 hàn nígbà tí ó bá sinmi. Bí ó bá ti lọ sísàlẹ̀ 12, òun ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Bí “READY” bá tàn, mítà gbọ́dọ̀ gòkè sí àárín 13.5 sí 14.5. Bí kò bá gòkè, ẹ̀rọ tí ń dín iná kù tàbí wáyà rẹ̀ ni kí a wò, nítorí pé bátìrì tuntun tí a bá rà síbẹ̀ yóò kú bí ti àkọ́kọ́. Ohun kan ṣoṣo ni etí pàdánù níhìn-ín. Ìdákẹ́jẹ́, tí ó jẹ́ àmì àìsàn tẹ́lẹ̀, ti di àmì ìlera. Ọkọ̀ tí ó ti ṣe tán láti rìn lè má dún rárá.

Àwọn tí ó ka kóòdù kí wọ́n tó wọn bátìrì ni ó ń náwó jù. Iná tí ó rẹlẹ̀ máa ń da àwọn kọ̀ǹpútà lójú rú, wọ́n a sì gbé oríṣiríṣi kóòdù jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àpẹẹrẹ mìíràn ni P0A80. Ìtumọ̀ tí ìlànà fún kóòdù yìí ni pé kí a pààrọ̀ bátìrì ńlá. Àṣẹ ni èyí, kì í ṣe ìwádìí. Ohun tí kọ̀ǹpútà rí gan-an ni pé iná apá kan nínú bátìrì kò dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn yòókù, ó sì lè jẹ́ pé apá kan ṣoṣo ni ó rẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀.

6. Ẹni tí ó ni ìdáhùn

P0AA6 ni ó fi ọ̀rọ̀ náà hàn jù lọ. Ó túmọ̀ sí pé iná ńlá ń jò sí ara ọkọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọkọ̀ náà yóò rìn títí a ó fi pa á, ṣùgbọ́n “READY” kò ní tàn mọ́ lẹ́yìn náà. Toyota fi nọ́ńbà mìíràn sábẹ́ kóòdù yìí: 611 tọ́ka sí ìhà ẹ̀rọ amúlétutù, 612 sí ìhà bátìrì, 613 sí ìhà jíà àti àwọn ẹ̀rọ oníná inú rẹ̀. Sikáná olówó pọ́ọ́kú a máa ka P0AA6, ṣùgbọ́n kì í sábà ka nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdí rẹ̀ lè kéré. Iná ńlá ni ó ń yí ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ wọ̀nyí, inú òróró rẹ̀ gan-an ni wáyà rẹ̀ wà. Bí ẹni tí ń tún un ṣe bá da òróró amúlétutù lásán sí i dípò ND-OIL 11 tí kì í gba iná kọjá, ọkọ̀ lè kọ̀ láti ṣíná nítorí ohun tí kò kan ṣíṣíná rárá.

Ní Massachusetts, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí òfin ní 2012, wọ́n sì tún fẹ̀ ẹ́ lójú ní 2020, pé kí àwọn aṣe-ọkọ̀ má ṣe fi irú ìmọ̀ báyìí pa mọ́ fún àwọn tí ń tún ọkọ̀ ṣe. Òfin náà kò rékọjá òkun, ṣùgbọ́n ihò olójú 16 rékọjá: ó wà lára gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tòkunbọ̀ tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996, tí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn rìwáyà Èkó. Rìwáyà tí ó bá ki sikáná bọ ihò náà, tí ó rí P0AA6 láìrí 611, ọ̀nà ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ni ó kù fún un: kí ó ya apá kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí ó máa wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n gílóòbù oníwáyà méjì kò wúlò níbí. Mítà lásán pẹ̀lú kò lè rí jíjò náà dáadáa. Mítà tí ó ń fi fóòtì 500 dán ìdábòòbò wáyà wò ni ó nílò. Kí ó tó kan wáyà aláwọ̀ ọsàn kankan, ó gbọ́dọ̀ ti wọ ìbọ̀wọ́ tí iná kò lè kọjá, kí ó yọ púlọ́ọ̀gì ààbò bátìrì ńlá, kí ó sì dúró fún iye ìṣẹ́jú tí ìwé ọkọ̀ náà sọ, kí iná tí ó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀rọ tó lọ. Ìwé náà ni kì í sábà bá ọkọ̀ tòkunbọ̀ dé.